Fèrè Lọ́rùn Nọ́ọ̀sì

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà fún kọ́bọ́ọ̀dù òògùn ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọrùn Nọ́ọ̀sì ló sì ń gbé. Láti ọjọ́ tí àwọn ìbejì kan ní kíláàsì kejì ti pín ìgò òògùn ikọ́ mu tán nítorí pé ó dùn, tí wọ́n sì sùn láti orí ìṣirò títí dé àkókò àtilọ sílé, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti pàṣẹ pé òògùn kankan kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì ọmọ mọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ ń wà, nínú àtìpa. Nọ́ọ̀sì gba òfin náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní ìwé ńlá kan tó kọ gbogbo wọn sí: ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà, ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe tó gbọ́dọ̀ jẹun kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹni tí wárápá máa ń gbé. Àwọn olùkọ́ mọ máàkì àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ló mọ èémí wọn.

Èyí tó mọ̀ jù ni ti Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tí ikọ́-fée ń dà láàmú. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, fífò ló ń fò lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í fẹ́ kó sáré. Ìyá yìí ti rí i lọ́mọ ọdún mẹ́ta tí ètè rẹ̀ dúdú tí kò rí èémí fà, ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Odidi sáà kan ni Nọ́ọ̀sì fi ń rọ̀ ọ́. Ó fi lẹ́tà dókítà hàn án: bí ọmọ bá ti fa òògùn inú ike kékeré aláwọ̀ aró tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè sáré bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

“Mo gbọ́,” ni ìyá wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ wí yẹn, bó bá fi ìṣẹ́jú kan dín, mo ń mú ọmọ mi lọ sílé nìyẹn. Kò sì tún ní sáré mọ́, ì báà ṣe láti lé adìẹ.”

Ọjọ́ eré-ìje pé. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá ti sọ fèrè mẹ́ta nù ní sáà yẹn nìkan, àánú rẹ̀ sì ti ṣe Nọ́ọ̀sì débi pé ó gé ríbọ́nù pupa tó fi so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn sí méjì, ó fún un ní ìdajì kó fi so fèrè kẹrin mọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tíṣà wá sí yàrá ìtọ́jú kí Nọ́ọ̀sì bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru, torí àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni pé òun ni yóò sáré. Ó bọ́ fèrè, ó fi kọ́ ìṣó. Nọ́ọ̀sì náà bọ́ kọ́kọ́rọ́, ó fi kọ́ ìṣó kan náà, kó má baà máa gbá irinṣẹ́ tó fi ń gbọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kálukú fa ríbọ́nù kan yọ, ó tì í bọ inú aṣọ. Kò sẹ́ni tó wo ohun tó so mọ́ ọn.

Aago mẹ́wàá ni eré àkọ́kọ́. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ fò wọlé, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí wọn, ó na ọwọ́ sí ọrùn, ó fa ríbọ́nù yọ. Ó wo fèrè. Fèrè wo òun náà.

“Kí nìyẹn?” ni ìyá bèèrè.

“Fèrè ni, màmi,” ni Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ dáhùn, ọmọ tí kò mọ irọ́ pa.

“Mo rí i pé fèrè ni. Ṣé fèrè ló ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ni?”

Nọ́ọ̀sì yọ orí lójú fèrèsé. Tíṣà wà lọ́hùn-ún, ní òdìkejì pápá, ó ń to àwọn ọmọ méje yòókù sójú ìlà kí wọ́n lè mọ ibi tí oníkálukú yóò dúró sí. Ohùn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó lè dé ibẹ̀ wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fèrè sẹ́nu, ó sì fọn ọ́n tagbáratagbára.

Tíṣà kọ́ àwọn ọmọ náà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń sọ fún wọn pé, “Ẹ má wo ojú mi o, etí ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ti gbọ́ fèrè, eré ló kù.” Wọ́n gbọ́ fèrè. Eré ló kù. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ méje já gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí afẹ́fẹ́ wọn sì gbé ojú-ìwé kejì lọ. Nọ́ọ̀sì tún fọn fèrè kí wọ́n lè dúró. Wọ́n rò pé ó ní kí wọ́n fi kún un, wọ́n sì fi kún un. Tíṣà fa ríbọ́nù tirẹ̀ yọ, ó fi ohun tó wà níbẹ̀ sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Kọ́kọ́rọ́ kò dún. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

“Wọ́n ti lọ,” ni Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ wí lójú fèrèsé, omi sì lé ròrò sí i lójú. “Wọ́n fi mí sílẹ̀.”

“Ó ti tó,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Mú báàgì rẹ.”

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Nọ́ọ̀sì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sì sanra dáadáa, bọ́ bàtà sílẹ̀, ó sì bẹ́ sínú pápá. Tíṣà náà ti ń sáré bọ̀. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré àwọn olùkọ́ ni. Àárín pápá ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ láìsọ̀rọ̀, kálukú sì yí padà.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọn ike, ó sì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ fà á lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi díẹ̀, ó tún fà á. Ìyá wo aago rẹ̀.

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kí aago mẹ́wàá lù,” ló wí. “Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la jọ sọ, Nọ́ọ̀sì.”

Nọ́ọ̀sì fara ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń mí lókèlókè. Ó ro odidi sáà tó fi bẹ obìnrin yìí, ó sì dùn ún dọ́kàn. Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn tíṣà dún nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lóde: “Eré yẹn ò kà o. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dùbúlẹ̀ sórí koríko. Ẹ mu omi, kí ẹ sinmi fún ogún ìṣẹ́jú.”

Ìyá ti gbé báàgì ọmọ dání.

“Màmi,” ni Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ wí jẹ́jẹ́, “ogún ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.”

Ìyá wo aago, ó wo ọmọ, ó wo Nọ́ọ̀sì tó dúró láìwọ bàtà. Ó gbé báàgì kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, ọmọ méje nà gbalaja sórí koríko, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni kan ṣoṣo tó ń mí jẹ́jẹ́ láàárín wọn ni Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gba imú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ó bú jáde láti inú ikùn, títí tó fi di Nọ́ọ̀sì lápá mú kó má baà ṣubú.

Ogún ìṣẹ́jú pé, ara àwọn ọmọ ti balẹ̀, tíṣà sì fọn fèrè, fèrè gidi. Ìyípo pápá méjì ni eré náà. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́bàá okùn tí wọ́n ta yí pápá ká, pẹ̀lú ike aláwọ̀ aró lọ́wọ́, kò sì wo ẹlòmíràn. Ní ìyípo àkọ́kọ́, Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ ló ṣe ìkarùn-ún. Ní ìyípo kejì, ó di ìkẹta, ó sì tún ń bọ̀. Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì rí i pé ìyá ọmọ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́. Ó ti wà lọ́hùn-ún, ó ká aṣọ sókè dé orúnkún, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sáré lẹ́yìn okùn, ó ń pariwo pé, “Fò, ọmọ mi, fò.”

Ọmọ gíga kan fi ìwọ̀n apá kan gba ipò kìíní. Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ ṣe ìkejì. Kò wúkọ́, àyà rẹ̀ kò sì há. Ìyá rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sórí koríko, tó ń wá èémí kiri.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó sì sọ ohun tí ìyá ti ń sọ fún un láti ọdún méje wá, nígbàkigbà tí àyà bá há a. “Ẹ rọra, màmi. Ẹ fi imú fà á. Ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Mo wà níbí.”

Ìyá fi imú fà á, ó tú u sílẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó yíjú sí Nọ́ọ̀sì, ó sì bèèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún sáré.