Níbi Tí Fọ́tò Méjì Ti Pàdé

Bọ́tìnnì àyà aṣọ gáàdì kan ni onífọ́tò ilé iṣẹ́ ń wá. Ó ti rí i nínú fọ́tò kẹfà, ó wá ń wá a nínú ìkeje, kí ó lè fi àmì sí i nínú méjèèjì, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Fọ́tò méjìlá ni ó fẹ́ so di ẹyọ kan, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìpele mẹ́ta: òrùlé ilé iṣẹ́ lókè, igba òṣìṣẹ́ láàárín, ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ya wọ́n kí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun èkejì, bí páànù ṣe ń gun ara wọn lórí ilé. Kọ̀ǹpútà ti so ìyókù pọ̀ fúnra rẹ̀. Àárín yìí nìkan ló ṣorí kunkun.

"Ibẹ̀ gan-an ni mo bá wá," ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wí. Obìnrin náà kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó gbé ìwé kan kalẹ̀. "Àwọn mẹ́sàn-án yìí ò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀. Mọ́ńdè la máa gbé e kọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n máa gba lẹ́tà."

"Lẹ́tà kí ni, mà?"

"Lẹ́tà ó dìgbóṣe."

Onífọ́tò ka ìwé náà dé orúkọ kẹrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ti wà nídìí ẹ̀rọ agérin láti ọdún mọ́kàndínlógún, tó sì fi owó ibẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́ fọ́tò.

"Mà, ẹ̀gbọ́n mi nìyí."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe wá fúnra mi." Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ìwé. "Ṣé o rí ìlà kẹwàá? Ó ṣófo. Mi ò sì fẹ́ràn kí n máa kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn mẹ́jọ yòókù kò le yọ. Igun kan ni ọ̀gá ti ní kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Nígbà náà, onífọ́tò rò pé gíga ni wọ́n fi tò wọ́n. Ó gé igun náà, wọ́n sì lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló yọ́ kúrò níbẹ̀ wá sí àárín, kí àbúrò òun lè rí òun dáadáa. Nínú fọ́tò kẹfà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́. Nínú ìkeje, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá gáàdì mú fìlà rẹ̀ tó jábọ́, ara gáàdì sì bò ó pátápátá.

"Ìkeje ni kó o mú," ni ọ̀gá wí. "Ó ti bá wa ṣe é tán."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Onífọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún kúrò nínú ìkẹfà, kí ìkeje lè hàn níbẹ̀. Orí ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó ń jù. Ògiri hàn níbi tí ẹ̀rín rẹ̀ wà.

"Búlọ́ọ̀kù yẹn wọ́," ni ọ̀gá wí. "Tún un ṣe."

Ó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà, ó tún àmì tò, ó sì tún un nù kúrò lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gá jáde, kò sì tíì rìn jìnnà tí fóònù onífọ́tò fi dún. Ariwo ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Àbúrò mi, fọ́tò ńkọ́? Eyín mi ò pọ̀ jù, àbí? Ìyàwó mi ti ra férémù sílẹ̀ o!"

Onífọ́tò gbé fóònù mọ́ etí. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bọ̀dá, ẹ ò sí nínú ẹ̀."

"Báwo? Èmi tí mo dúró gbágbágbá síwájú ẹ?"

"Wọ́n fẹ́ dá yín dúró níṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí n yọ yín."

Ẹ̀rọ ń dún lọ.

"Ṣé o yọ mí?"

"Mo yọ yín."

"Ibi tó o ti so ó, ṣé ó hàn?"

Onífọ́tò wo ògiri náà. Búlọ́ọ̀kù bá búlọ́ọ̀kù mu rẹ́gí.

"Kò hàn, Bọ̀dá."

"Ó dáa. Owó tí mo fi kọ́ ẹ níṣẹ́ ò ṣòfò nìyẹn," ni ó wí, ó sì pa fóònù.