Ife Tí Kò Kan Ọ̀fun

Ojú wọn ṣe mẹ́rin lórí etí ife omi.

Bí ọmọbìnrin náà ṣe gbé ife sẹ́nu ló rí i, ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó fi ìwé pélébé kan mọ́ àyà láàárín èrò tó kún àgbàlá náà fọ́fọ́. Gbogbo èèyàn ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn kí wọ́n lè ríran. Òun nìkan ló dúró jẹ́ẹ́. Ó ń wò ó bí ẹni tó ti ń wá nǹkan kan láti ìgbà èwe rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i. Àyà ọmọbìnrin náà já. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ìfẹ́ ni ì bá pè é. Lọ́jọ́ yìí, ìtìjú ni, nítorí omi inú ife yẹn kò kan ọ̀fun rẹ̀.

Olóhùn-Iyọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ni agbẹnusọ ìgbìmọ̀ ìlú. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ọ̀nà kan pa, bí iná bá fẹ́ lọ, ohùn rẹ̀ ló máa ń ti inú ọkọ̀ onígbohùngbohùn jáde, tí àwọn èèyàn á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́, Olóhùn-Iyọ̀ ń sọ̀rọ̀." Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ omi ló bá wọn sọ. Ó ní omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn láti balùwẹ̀, láti ilé ìgbẹ́, láti ìdí àwo tí wọ́n fọ̀, ló wọ inú àwọn àgbá irin tó wà lẹ́yìn òun yìí. Ó ní wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n tún un sẹ́, wọ́n pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, ó sì mọ́ ju omi òjò lọ. Ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ́kọ́ mu ún.

Èrò pàtẹ́wọ́. Ó ṣí ẹ̀rọ, omi dà sínú ife, ó mọ́ gaara bíi dígí. Ṣùgbọ́n bí etí ife ṣe kan ètè rẹ̀ báyìí, gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ló wá sí i lọ́kàn, èyí tó máa ń dimú kọjá láti kékeré. Ọ̀fun rẹ̀ di pa. Ó gbójú sókè bí ẹni tó ń gbé omi mì, ìgbà náà gan-an ni ojú rẹ̀ bọ́ sínú ojú ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó yí ẹ̀yìn padà kíá, ó sì da gbogbo omi náà sídìí òdòdó inú ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ yà fún mi! Ọmọ mi nìyẹn!"

Ìyá rẹ̀ ni. Alágbàfọ̀ ni màmá yìí, ọwọ́ rẹ̀ ti funfun nínú omi ọṣẹ, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń la èrò kọjá. Ó gba ife lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó bu omi, ó mu ún tán láìmí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ohun tó bá wọ ikùn ọmọ mi, kò lè ṣe èmi náà ní nǹkan kan," ó wí. "Ó tiẹ̀ sàn ju ti onítáńkà lọ. Ti onítáńkà ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá!"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Olóhùn-Iyọ̀ dúró ti ìkòkò òdòdó, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ilẹ̀ ò sì lanu kó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, ta ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe ọkùnrin náà.

"Ọ̀gbẹ́ni yìí wá láti Àpò Ẹ̀yáwó ti ìjọba," ni ọ̀gá wí. "Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́, fún wọn. Owó tí a fẹ́ yá láti fi kọ́ ilé-iṣẹ́ omi ńlá wà lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀gá jáde. Fáànù òkè ń ké gíó-gíó. Ọkùnrin náà wá àga láàárín àwọn gbohùngbohùn tó kún ilẹ̀, ó jókòó, ó sì tún fi ojú tútù rẹ̀ wò ó. Ó rí mi, Olóhùn-Iyọ̀ sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó rí mi, ó sì fẹ́ mọ ibi tí màá purọ́ dé.

"Owó náà wà," ọkùnrin náà wí. "Èlé rẹ̀ ò tó nǹkan, ọgbọ̀n ọdún sì ni ìlú yóò fi san án. Ṣùgbọ́n inú owó omi tí àwọn èèyàn bá ń san lóṣooṣù ni ìlú yóò ti san án. Bí a bá kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá náà tán tí kò sí ẹni tó fẹ́ mu omi rẹ̀, gbèsè nìkan ni yóò máa ṣàn nínú páìpù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ àdúgbò àkọ́kọ́ tí omi náà máa dé. Kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ti tọ́ ọ wò, àwọn yóò sì máa lò ó. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n gbà á lọ́wọ́ yín."

"Mo gbọ́ yín, sà."

"Ẹ má pè mí ní sà, ẹ jọ̀ọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ṣí ìwé pélébé rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mu ún. Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Ẹ̀jẹ̀ rú sí i lójú. "Ó tutù," ó wí. "Ó sì mọ́ lẹ́nu."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni tó ń tọ́jú ẹyin.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí kì í wá. Lónìí, á ní òun wá wo àwòrán ibi tí páìpù ńlá máa gbà kọjá. Lọ́la, á ní bíró òun ti gbẹ. Nígbà tó yá, ó gbé bisikíìtì wá, kò sì rí irọ́ kankan pa mọ́ ọn. "Gbohùngbohùn yẹn ń fi ohùn yín ṣòfò," ó wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Béèyàn bá gbọ́ ọ nítòsí báyìí, kò ní fẹ́ lọ sílé." Ọkàn Olóhùn-Iyọ̀ yọ́ bí òrí tí oòrùn pa, ó sì tún dì pọ̀ padà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ pé èké lòun?

Ìgbàkigbà tó bá délé, jẹ́ríkáànù omi tuntun náà ló máa ń kọ́kọ́ rí lórí tábìlì, láàárín aṣọ oníbàárà. Ìyá rẹ̀ ń pọn ọ́n wá lójoojúmọ́.

"Mu omi."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, Màámi."

"Láti àárọ̀? Ṣé ràkúnmí ni mo bí ni?"

Bàbá Télọ̀, tó ń ránṣọ lódìkejì ọ̀nà, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Alágbàfọ̀! Omi àkúdàáyà yín yẹn dà? Èyí tó kú sílé ìgbẹ́ tó wá ń jayé nínú ife!"

"Ẹ wá mu ún, bàbá, bóyá ẹ̀yin náà á tún ayé wá pẹ̀lú ìwà tó dáa!"

Ó wá, ó sì mu. Bẹ́ẹ̀ ni màmá yìí ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ gbé lẹ́tà náà láti ojúlé dé ojúlé, tí àwọn èèyàn ń kọ orúkọ, tí wọ́n ń tẹ̀ka sí i. Nígbà tó parí, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé náà títí gbogbo ibi tó rún fi nà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Onílé Òkè ló fẹ́ ṣe agídí," ó wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó ní òun ò tẹ̀ka sórí omi ṣalángá. Mo ní, ọmọ tí mo fi owó aṣọ fífọ̀ rán níléèwé mu ún níṣojú mi. Ṣé ẹ rò pé ó fẹ́ kú ni? Kíá, ó tẹ̀ka!"

Ìwé náà ṣì ń gbóná díẹ̀. Olóhùn-Iyọ̀ fi í sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀, kò sì lè gbé e jáde mọ́. Bí ọ̀gá bá béèrè, á ní ó ku díẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá béèrè, á wo ilẹ̀. Títí ọ̀gá fi bínú, tó ní bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá láìsí lẹ́tà, ìlú mìíràn ni owó náà máa lọ. Ó ní ìdí ẹ̀rọ náà gan-an, níṣojú àdúgbò, ni kó ti fi lé Àpò Ẹ̀yáwó lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Àgbàlá tún kún. Ọ̀gá wọ kóòtù. Ìyá Olóhùn-Iyọ̀ wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí, ó sì ń pe ọkùnrin náà ní Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀yáwó, tó ń bi í bóyá ó ti níyàwó. Olóhùn-Iyọ̀ yọ lẹ́tà náà.

"Ẹ dúró ná!" Bàbá Télọ̀ ké. "Kí ọmọ wa kọ́kọ́ mu ife kan sí i, ká yà á ní fọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kó mu ún!"

Wọ́n ti bu omi fún un. Ife ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni. Bó bá mu ún nísinsìnyí, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Yóò gbé lẹ́tà kalẹ̀, ìlú yóò rówó yá, ọkùnrin náà yóò sì lè pa ohun tó rí mọ́ sínú. Ó gbé ojú sókè. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i, gbogbo eyín rẹ̀ ló hàn.

"Mi ò mu ún," Olóhùn-Iyọ̀ wí.

"Mu ún, o ò ṣe ní mu ún?"

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màámi. Mi ò mu ún. Mo dà á sídìí òdòdó yìí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Bàbá Télọ̀ wo ìkòkò náà. "Abájọ tí òdòdó ọ̀hún fi ń sanra," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò dún dáadáa.

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Èmi ńkọ́?" ó béèrè jẹ́jẹ́. "O rò pé ìdọ̀tí ni, o wá dúró, ò ń wò mí, mo mu ún?"

"Mo mọ̀ pé ó mọ́, Màámi. Mo ka gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Orí mi mọ̀ ọ́n. Ọ̀fun mi ni ò gbà."

"Ọ̀fun tèmi gbà á, àbí? Ọ̀fun alágbàfọ̀."

Omijé ń ṣàn lójú Olóhùn-Iyọ̀, kò sì nù ún. Ó kọjú sí ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun. "Ẹ rí mi. Ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò sì wí nǹkan kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá mi lóhùn níṣojú wọn."

Etí ọkùnrin náà ti pọ́n.

"Mi ò rí i," ó wí.

"Èmi lẹ̀ ń wò!"

"Ojú yín ni mò ń wò." Ó gbé orí wálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Torí kí n lè wo ife ni wọ́n ṣe rán mi wá. Mi ò wo ife." Ó ṣí ìwé pélébé rẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí ọ̀rọ̀ tó fẹ̀sọ̀ kọ níjọ́sí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí!" Ọ̀gá ń làágùn nínú kóòtù. "Nítorí ife omi kan? Ẹ fẹ́ kí owó yìí lọ?"

Ìyá Olóhùn-Iyọ̀ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó tọrọ bíró. "Ẹni tó bá tẹ̀ka nítorí ọmọ mi," ó wí, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú, "kó wá fagi lé e. Èmi ni mo tàn yín. Mi ò mọ̀ ni."

Ìyá Onílé Òkè ló kọ́kọ́ dìde. Ó fagi lé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pòṣé, ó lọ. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ó gún Olóhùn-Iyọ̀ lára bí abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí bíró bá dún lórí ìwé. Bàbá Télọ̀ dé ìdí àga náà, ó wo ìka rẹ̀, ó sì kọjá lọ síbi ẹ̀rọ.

"Kò sẹ́ni tó tì mí tẹ̀ka," ó wí. "Òùngbẹ ló tẹ̀ka fún mi." Ó bu omi, ó mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ò kúrò lórí ìjókòó wọn.

Nígbà náà ni Olóhùn-Iyọ̀ gbé ife tí wọ́n ti bù fún un. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó mu ún tán. Omi ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi tútù, bí omi gbogbo, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó mú bíró, ó kọ sísàlẹ̀ ìwé náà pé: *Èmi tí mo kọ́kọ́ gbé ife, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún.*

"Mi ò lè ṣèlérí pé orúkọ tó kù yìí á tó," ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀."

Ìyá rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́tà náà po níbi tí áyọ́ọ̀nù ti là sí, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí aṣọ oníbàárà, ó dá a padà fún un. "Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi. Fún wọn." Ó mú jẹ́ríkáànù rẹ̀, ó kọrí sílé, kò sì dúró de ọmọ rẹ̀.

Olóhùn-Iyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà síwájú. Kò lè gbójú sókè. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè, orúkọ kan tẹ̀lé èkejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé náà ló ń wò.