Àwọn Ìwé Tó Ń Dúró De Ẹni Ńlá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń fún olùfẹ́ rẹ̀ ní oorun, tó sì ń jí i padà.

Mo lá àlá kan nígbà tí oorun gbé mi lọ lórí àga lọ́sàn-án Àìkú tó kọjá. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ìwé lérí, àwọn ìwé tí olóògbé ọkọ mi kà títí ó fi sùn nínú Olúwa. Màmá Abígéèlì ni mo ń gbé wọn lọ fún ní Òkè-Ìrá. Ìyá yìí ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin kí ó tó mọ ìwé í kà. Ìwé kan ṣoṣo ló ní, ó ti kà á títí ó fi há a sórí, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì.

Wọ́n dá mi dúró lọ́nà pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ kọjá láìdé ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì ọ̀hún so rọ̀ lójú ọ̀run bí ilé agbọ́n. Orin ìyìn ni àkàbà rẹ̀, ẹsẹ orin kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àtẹ̀gùn kan. Àtẹ̀gùn kẹta kò sí níbẹ̀, nítorí pé a máa ń fo ẹsẹ kẹta nínú ìjọ wa. Mo fò ó, mo wọlé.

Àwọn ìwé jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Ìwé ìṣirò kan wúkọ́, ó ní, “Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ikán ti jẹ gbogbo ìṣirò pínpín inú mi, àròpọ̀ nìkan ló kù.” Mo bá a kẹ́dùn.

Mo bi Akọ̀wé Ọdẹ́yalé, ọ̀gá ibẹ̀, ohun tó dá wọn dúró. Ó ní àfi kí ẹni ńlá kan wá gé rìbọ́ọ̀nù, kí wọ́n sì ya fọ́tò, kí ìwé tó lè jáde. Mo ní ìgbà wo ni ẹni ńlá ń bọ̀. Ó ní ó ti wà lọ́nà láti ọdún mẹ́jọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo méjì sì yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, àmọ́ táì rẹ̀ kò tú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Òbúkọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ni. Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ di ewúrẹ́, wọ́n ṣí ìpàdé pẹ̀lú àdúrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé láti orí kìn-ín-ní, wọn kò fo ojú ewé kan.

Inú wá bí mi. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Nígbà tí Olúwa gba ìṣù àkàrà márùn-ún, ṣé ó ní kí ebi ṣì máa pa èrò títí Gómìnà yóò fi dé? Ó súre sí i, ó sì pín in lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìyá kan fẹ́ kàwé kí ojú rẹ̀ tó fọ́, ẹ wá sọ ìwé di koríko.”

Òbúkọ rọra gbé tẹnu rẹ̀ mì. Ó ní, “Ìyá Olùkọ́, a jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ta ló tì wọ́n mọ́lé?” Mo wo àwọn ìwé orí bẹ́ǹṣì. Orúkọ ọkọ mi ló wà lára gbogbo wọn.

Mo jí. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì wà lọ́wọ́ mi, ó ti tẹ àmì sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni àwọn ìwé ọkọ mi wà láti ọdún tó ti lọ. Mo ti ṣèlérí wọn fún Màmá Abígéèlì tipẹ́. Èmi ni mo ní kó di ọjọ́ Ìkórè, kí Bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà sí wọn, kí wọ́n sì dárúkọ mi létí ìjọ. Inú tó bí mi sí òbúkọ, orí ara mi ló padà sí.

Oòrùn kò tí ì wọ̀ tí mo fi gbé wọn dé Òkè-Ìrá. Ìyá náà ní, “Ìyá Olùkọ́, ṣé Ìkórè ti dé ni?”

Mo ní, “Ẹ súnmọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, Màmá, kí ẹ máa kà.”

Ìwọ tó ń ka èyí, ire ọwọ́ rẹ kò ní bà jẹ́ sínú àpótí. Ojú rẹ kò ní ṣókùnkùn kí o tó rí ohun tí ò ń retí. Àmín.