Rọ́bà Tó Tán Nígbà Kónílé-ó-gbélé

Ọdún mẹ́fà ni Tàjùdéèn ti ń jókòó sílé kí ìjọba tó tìtorí àrùn kòrónà pàṣẹ fún gbogbo Èkó pé kí kálukú jókòó sílé. Láti ọjọ́ tó já bọ́ lórí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Òkè-Àfà, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dá, kò mọ nǹkan kan lára mọ́ láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń ráhùn lọ́jọ́ kẹta pé ilé ti sú àwọn, ó ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí rọ́bà tó fi ń fa ìtọ̀ tán. Òun kì í mọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Orí ló máa ń sọ fún un. Bí àpò ìtọ̀ bá ti kún jù, orí á máa fọ́ ọ, òógùn á bo ojú rẹ̀. Ìyẹn sì lè pa èèyàn. Memunat ìyàwó rẹ̀ gbé e sórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, ó ń tì í lọ sílé oògùn ní Òkòtà.

Ní oríta, ọlọ́pàá kan ti ní kí àwọn arúfin máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú oòrùn.

“Ìwọ náà, bọ́ sílẹ̀, máa fò.”

“Ọ̀gá,” ni Tàjùdéèn wí, “bí ẹ bá lè mú mi fò, ẹ ti ju dókítà mẹ́rin lọ. Mo ti múra tán.”

Ọlọ́pàá sún mọ́ ọn. Ó rí òógùn, ó rí ojú tó pọ́n.

“Kí ló ń ṣe ẹ́?”

“Orí ń fọ́ mi.”

Ọlọ́pàá fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan gọ́tà. “Máa lọ. Máa lọ kíá.” Àwọn arúfin náà rí àyè, wọ́n fò wọ àdúgbò lọ.

Èèyàn bí ogún ló tò síwájú ilé oògùn. Wọ́n rí òógùn ojú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán; nígbà tí kẹ̀kẹ́ fi máa débẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Garawa ìfọwọ́ wà lórí àpótí gíga tí ọwọ́ Tàjùdéèn ò lè tó, ìwé ara ilẹ̀kùn sì ní ẹni tí kò bá fọwọ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Memunat bu omi sí i lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ dà sára ṣòkòtò.

Olúfọlákẹ́ tó ni ilé oògùn náà yọjú. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. “Bọ̀dá Tàjù, kòrónà ni àbí ìtọ̀?”

“Ìtọ̀ ni.”

“Ẹ wọlé.”

Ẹ̀yìn kọ́tínì ni Tàjùdéèn ti fi rọ́bà tuntun fa ìtọ̀ náà. Bí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ báyìí, omijé ń bọ́ lójú Memunat; ó ní oògùn apakòkòrò ló ta sí òun lójú.

Bí wọ́n ṣe jáde, bàbá àgbàlagbà kan pe Tàjùdéèn láti òdìkejì títì. “Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti tọ́jú ẹ?”

“Wọ́n ti tọ́jú mi, sà. Ìtọ̀ lásán ló ń dà mí láàmú.”

Bàbá fa ìbòmú rẹ̀ sókè títí ó fi dé ìpéǹpéjú. “Kòrónà ti wọ inú ìtọ̀ báyìí?”