Ẹni Tó Ń Gbé Okùn Wọ Òkun

"Èmi ni mo máa gbé e lónìí," ni Dosu wí. Ó ti so orí okùn mọ́ ìbàdí kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn.

Sagbo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dìde lórí yanrìn. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọkọ̀ àwọn apẹja ti jáde, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ní báyìí, ọkọ̀ náà dúró lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kò lè padà wọlé, àwọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ gbé okùn lọ bá a, kí àwọn tó wà létí òkun lè rí nǹkan fi fa àwọ̀n náà. Agbókùn ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ géńdé ni tẹ́lẹ̀ ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ogun Hítílà ti kó àwọn géńdé lọ, ó ku àwọn ọmọdé tó ń fi iṣẹ́ àgbà yangàn.

"Tú okùn yẹn," ni Sagbo wí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni Fòfó Zinsu nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀?"

Fòfó ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílé àwọn Ègùn. Mẹ́rìnlá náà ni, Sagbo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbejì ni Zinsu àti Sagbo. Dosu ló tẹ̀lé wọn wáyé, kò sì ṣíwọ́ títẹ̀lé wọn láti ìgbà náà. Zinsu gun igi àgbọn, Sagbo gùn ún, Dosu náà gùn ún, ó já bọ́, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Kí egungun náà tó jinná tán, ó ti tún wà lórí igi. Ìyá wọn pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti ìyá nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín lókè? Nínú òjò èṣí, òkun gbé Zinsu lọ tòun ti okùn ní ìbàdí. Kí oṣù náà tó parí, Sagbo ti gba iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó ní kó gbà á. Àìsí ìkejì rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè jókòó sílé.

Bàbá Mákánjú, tó ni àwọ̀n, fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Jẹ́ kó lọ, Sagbo. Iṣẹ́ ilé yín ni. Dosu, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Rárá, bàbá."

Àwọn obìnrin tó ń dúró de ẹja pàtẹ́wọ́. Dosu yíjú, ó wo ojú Sagbo. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wò ó kó tó fò, kó tó gùn, kó tó ṣe wèrè kankan. Sagbo sì ṣe ojú tó máa ń ṣe, ojú ẹni tí nǹkankan ò ká lára. Kò tilẹ̀ ronú kó tó ṣe é. Ó rí i tí ọmọ náà mí kanlẹ̀, tó sì na àyà síwájú.

Ṣùgbọ́n orúnkún Dosu ń gbọ̀n. Sagbo mọ irú rẹ̀. Tòun náà máa ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, òun a sì yára wọnú omi kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ó wá sọ sí i lọ́kàn pé ó lè jẹ́ pé Zinsu pàápàá gbọ̀n. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, òun kò sì bi í léèrè rí. Èyí dùn ún wọ egungun.

Dosu ti wọ omi.

"Ẹ̀rù ń bà mí!" Sagbo pariwo.

Gbogbo wọn yíjú sí i. "Kí lo wí?" ni Bàbá Mákánjú bi í.

"Ẹ̀rù òkun ń bà mí, bàbá. Kò sí ọjọ́ tí kì í bà mí. Mo máa ń bì lẹ́yìn igi àgbọn kí n tó wá bá yín. Mi ò gbé okùn mọ́. Dosu, irọ́ ni ojú tí mo máa ń ṣe fún ọ."

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin kan ní kí wọ́n bá òun wá ìró fún un. Dosu dúró nínú omi, ìgbì ń lù ú nítan. Àyà Sagbo já: bí ọmọ náà bá fẹ́ fi han aráyé pé òun kì í ṣe ojo bíi ti ẹ̀gbọ́n òun ńkọ́? Dosu wo òkun, ó wo Sagbo. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Bàbá Mákánjú ní kí wọ́n dúró títí omi yóò fi rọlẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ Sagbo nídìí àwọ̀n òun mọ́.

Dosu gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. "Ẹ dójú tì mí," ó wí, kò gbójú sókè. "Fòfó Zinsu ò ní sọ irú ẹ̀ láé."

"Mo mọ̀," ni Sagbo wí.

Sagbo nìkan ló sọdá ọ̀sà tó wà láàárín etí òkun àti ìlú padà sílé. Nírọ̀lẹ́, Dosu wọlé, kò kí i. Ó ká ẹní rẹ̀ kúrò nínú yàrá tí àwọn mẹ́ta ti jọ ń sùn láti kékeré, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn. Yàrá náà wá fẹ̀ jù. Sagbo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó dá wà bí kò ṣe dá wà rí, ó sì sunkún. Ó ń gbọ́ Dosu láti yàrá kejì, tó ń bá ìyá wọn jiyàn, tó ń ráhùn pé ẹja inú ọbẹ̀ kéré. Ó tẹ́tí sí i, kò fẹ́ kí ohùn náà dákẹ́.