Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Ó Lé Ẹyọ Kan

Inú bí Bertha débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ la síléètì mọ́ ògiri. Ó fi mẹ́ta pín in, ó ṣẹ́ku èjì. Ó fi méje pín in, èjì. Mọ́kànlá, èjì. Mẹ́tàlá, èjì náà ni! Àfi bíi pé nọ́ńbà yẹn ń yọ ṣùtì sí i.

Nọ́ńbà wo? 1,000,001. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó lé ẹyọ kan. Ọdún kejì tí rélùwéè dé Ìbàdàn nìyẹn o, Bertha sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ nílé ìwé mísọ́nnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹẹrẹ. Ìṣirò ló wù ú kó máa kọ́ wọn. Ó bẹ Tíṣà Hezekiah, ọ̀gá ilé ìwé, títí, ni Tíṣà bá kọ nọ́ńbà yẹn sí pátákó.

"Wá nọ́ńbà tó máa pín in láìṣẹ́ku fún mi. Má mú oókan wá, má sì mú òun fúnra ẹ̀ wá. Tó o bá rí i kí ọjọ́ Ẹtì tó lọ, o gba kíláàsì ìṣirò. Tó ò bá rí i, máa bá abẹ́rẹ́ ẹ lọ, má yọ mí lẹ́nu mọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Àwọn nọ́ńbà tí méjì lè pín, kò tiẹ̀ wò wọ́n, torí oókan ló wà nídìí nọ́ńbà yẹn. Àwọn tó kù, ó ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Á pín, á nù ún, á tún pín, títí apá aṣọ ẹ̀ fi funfun. Ó dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún: èjì! Ló bá ju síléètì sílẹ̀. Kí ló tún kù? Ṣebí ẹni tó bá ti ka nǹkan dé ọgọ́rùn-ún, orí oókan náà láá tún padà sí?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó lọ bá Tíṣà. "Kò ṣeé pín, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Mo kúkú mọ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ dà?"

Ó fajú ro, ó lọ ra òwú ìránṣọ l'Ọ́jà'ba, lọ́dọ̀ Bàbá Sàídì. Bàbá yìí ń ta òwú, ó sì ń sin tẹ̀sùbáà fáwọn mùsùlùmí Bẹ́yẹrúnká.

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló já ẹran gbà lẹ́nu ẹ?"

"Nọ́ńbà ni, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fún mi lówùú funfun."

"Dúró, jẹ́ n ka èyí tán." Bàbá ka ìlẹ̀kẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún, ló bá tún mú ẹyọ kan tó gùn.

"Ó ti pé ọgọ́rùn-ún, Bàbá. Kí lẹ tún ń wá?"

"Lèmọ́mù wọn nìyí. Òun ló ń kó àwọn yòókù sẹ́yìn. Tí mo bá fẹ́ sin ẹyọ tẹ̀sùbáà kan, ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún ni mo máa ń ṣà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá dúró sí ọgọ́rùn-ún ò tíì sin nǹkan kan."

Ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún! Bertha lóṣòó síbẹ̀, ó ń fìka pín nọ́ńbà Tíṣà nínú eruku. 9901. Kò ṣẹ́ku nǹkan kan!

"Òwú ẹ ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀, Bàbá!" Ó ti sáré gba ẹ̀gbẹ́ Òkè Màpó lọ.

Ó bá Tíṣà níbi tó ti ń ti ilẹ̀kùn.

"O ti fún mi lésì láàárọ̀."

"Ẹ ní kí ọjọ́ Ẹtì tó lọ, sà. Oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ fi ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún pín in."

Tíṣà pòṣé, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó pín in, kò ṣẹ́ku. Ó nù ún, ó tún pín in. Ó pín in lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn ti bo iwájú orí ẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n ni, sà?"

Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Ọjọ́ Ajé. Má pẹ́ o."

Ó yẹ kí inú Bertha dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ padà sọ́jà, òṣé ló ń pa. Ọjọ́ mẹ́rin! Kó jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù nígbà tó dúró! Àti pé nǹkan tí ọkùnrin yẹn rò pé kò ní ìdáhùn ló gbé fún un!

Bàbá Sàídì na òwú sí i. "Ṣó o rí ẹran ẹ gbà?"

"Mo rí i gbà, Bàbá. Ó kàn ti tutù ni."