Bọ́ọ̀lù Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì

Odidi ọdún mẹ́rin ni Orrin Veldhuis fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, ní yunifásítì tó wà ní Carrow, ní Iowa. Bí ọ̀nà bá ti dí mọ́ àwọn alátakò, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sókè réré, Orrin ni yóò dúró lẹ́yìn pátápátá, tí yóò gbójú sókè, nígbà tí géńdé mẹ́wàá ń sáré bọ̀ wá fọ́ egungun rẹ̀. Yóò hán an, yóò sì gbé e sá. Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, orí bẹ́ǹṣì ló ń lọ jókòó sí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kankan kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Tavion Mayes, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà. Bí Tavion bá gbé bọ́ọ̀lù sáré, afẹ́fẹ́ ni àwọn tó fẹ́ dì í mú máa ń dì mú. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo ilé oúnjẹ ní Carrow. Nítorí pé ilé rẹ̀ jìnnà, oko àwọn Veldhuis ló ti ń ṣe ọjọ́ Ìdúpẹ́ lọ́dọọdún, ìyá Orrin a sì máa fi odidi páì èso ṣẹ́rì kan pamọ́ fún un.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni Tavion bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀bọ́, kọ́ mi bí o ṣe ń hán bọ́ọ̀lù òkè yìí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Èyí tí ò ń gbé sá kiri kò tíì tó ẹ?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Àbí o ò fẹ́ kí èèyàn gbọ́n?"

Orrin rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ pé ṣóńṣó bọ́ọ̀lù ni kó máa wò, kó má wo àwọn tó ń sáré bọ̀. Ó kọ́ ọ ní ìgbà tí èèyàn ń na ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Ó kọ́ ọ ní igbe "Màjèlé!" pẹ̀lú. Bọ́ọ̀lù tí èèyàn kò bá lè hán, màjèlé ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, tiyín ni níbi tó bá kú sí. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọwọ́ yín, tó wá bọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ bò ó mọ́lẹ̀ ló ni ín.

Ó ku ẹ̀kọ́ kan. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn tí wọ́n máa bá pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀. Òdì ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ òsì ń yí. Bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, ibi tí ojú ti ń retí rẹ̀ kọ́ ló ń já sí. Kóòṣì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n gbígbọ́ kọ́ ni mímọ̀. Ẹ̀gbọ́n Orrin obìnrin, Greta, tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ló gbá a fún un ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́yìn ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, títí ara rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ẹtì ni Orrin fẹ́ fi han Tavion.

Ní Ọjọ́bọ̀, Kóòṣì Brandvold kó wọn jọ.

"Tavion ló máa dúró lẹ́yìn ní Sátidé. Orrin, iwájú rẹ̀ ni kó o wà, kó o máa bá a wòkè, kó o máa pariwo."

Sátidé yẹn ni ọjọ́ ìdágbére. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde yóò bá òbí wọn rìn wọ pápá, wọn yóò fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní òdòdó. Ọkọ̀ mẹ́ta ni àwọn Veldhuis fẹ́ kún wá.

"Kóòṣì, Sátidé yìí kẹ̀? Gbogbo ilé wa ló ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Àwọn tó ń wá èèyàn fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun náà ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ rí i bóyá Tavion lè ṣe é. Má bínú. Láti oṣù kẹsàn-án ló ti ń bẹ̀ mí."

Oṣù kẹsàn-án. Oṣù tí ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ó bá Tavion nínú yàrá níbi tó ti ń jẹ kọnfiléèkì.

"O ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí."

"Bọ̀bọ́, gbọ́ ná. Oko nìwọ máa padà sí lẹ́yìn èyí. Èmi, bọ́ọ̀lù yìí ni oko mi."

"Mo bi ẹ́ bóyá o mọ̀."

"Ká ní mo sọ fún ẹ, ṣé wàá kọ́ mi?"

"Màá kọ́ ẹ."

Tavion gbé ṣíbí sílẹ̀. A ní kó fẹ́ ni lójú, ó ti fi ata sẹ́nu.

Síbẹ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Tavion dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lábẹ́ abíyá.

"Ẹ̀kọ́ tòní ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ́ ti parí."

"Ṣé kò ku nǹkan kan?"

"Kò ku nǹkan kan," ni Orrin wí.

Ní Sátidé, òtútù mú débi pé èémí ń rú bí èéfín lẹ́nu èèyàn. Ìyá Orrin gba òdòdó rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Bọ́ọ̀lù òkè méjì àkọ́kọ́ ga, wọn ò sì jìnnà. Tavion na ọwọ́ sókè, ó hán wọn láìsí wàhálà. Àwọn èrò hó. Nígbà tí eré fẹ́ parí, ẹgbẹ́ Carrow ń fi àmì mẹ́rin ṣíwájú. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì tún gbá a.

Èyí jìnnà. Bó ṣe kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni Orrin ti mọ ibi tó máa já sí. Ó rí i tí Tavion ń yà sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù kò gbà. Nínú ọkàn rẹ̀, ohun kan ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dúró gbàṣẹ.

"Màjèlé! Tavion, fi í sílẹ̀! Màjèlé!"

Tavion wò ó. Ojú ẹni tó rò pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun ló fi wò ó. Ló bá nawọ́. Bọ́ọ̀lù kan ìka rẹ̀, ó ta nù, alátakò kan sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbé e lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé e wọlé, tí wọ́n gba àmì mẹ́fà. Ẹgbẹ́ Carrow pàdánù.

Nínú yàrá ìmúra, Kóòṣì béèrè lójú gbogbo wọn: "Ṣé ẹnikẹ́ni pariwo fún un?"

Tavion tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni."

Gbogbo ojú yí sí Orrin. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo," ni ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. Orrin lanu láti búra pé òun pariwo, ó sì rántí ọjọ́ Ẹtì. Ó pa ẹnu dé, ó bọ́ akoto rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde.

Níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, bàbá rẹ̀ ń dúró dè é. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni.

"Wọ́n ní o ò pariwo."

"Mo pariwo, Dádì."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ẹ láti ibi ìjókòó òkè lọ́hùn-ún. Ọmọ tèmi kò lè fojú wo ẹnìkejì rẹ̀ kó kó sí kòtò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Orrin ju gbogbo èyí tó gbọ́ lọ́jọ́ náà lọ. Ká ní Tavion sọ òtítọ́ ni, òun náà ì bá sọ ti ẹ̀kọ́ tóun fi pamọ́. Ó wọ ọkọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, tí í ṣe ọjọ́ Ìdúpẹ́, ìyá rẹ̀ gbé páì ṣẹ́rì kan kalẹ̀ lọ́tọ̀, ó fi aṣọ bò ó.

"Tavion ńkọ́? Ṣé kò ní wá jẹ tirẹ̀ ni?"

Orrin gbé páì náà tàwotàwo, ó gbẹ̀yìnkùlé jáde lọ sí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ó sì dà á sínú ọpọ́n ìjẹun wọn. Bàbá rẹ̀ wá dúró tì í, ó ń wò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì wà lẹ́nu Orrin. Ó dúró títí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fi jẹ ẹ́ tán, kò sì sọ ọ́.